Hú, Bó, Já, Ṣà: Ọ̀rọ̀-Ìṣe Yorùbá nínú Ìtàn Òwò Egbò Inú Igbó

1.0 Ìfáàrà

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ tí a ti ṣe lórí èdè-ìperí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá ni ó dá lórí ọ̀rọ̀-orúkọ. Ìbéèrè tí a sábà máa ń bi ara wa ni pé, kí ni a ó pe nǹkan yìí, kí sì ni a ó pe nǹkan tọ̀hún? Ìbéèrè náà dára, nítorí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ti ewéko, ìwé tí Z. O. Gbile kọ lórí orúkọ àwọn ewéko Nàìjíríà ní èdè Yorùbá, tí ó jáde ní Ìbàdàn ní ọdún 1984, àti ìwé ńlá tí Pierre Fatumbi Verger kọ lórí ewé, tí ó jáde ní ọdún 1995, ti la ọ̀nà fún wa. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kò tó. Ẹni tí ó mọ orúkọ ewéko kan, tí kò sì mọ ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá a rìn, kò lè sọ ìtàn ewéko náà kí ó yé ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn kan tí irú rẹ̀ wọ́pọ̀ nínú àwọn ìwé tí a túmọ̀ sí èdè Yorùbá:

(1) Wọ́n ń kórè egbò náà nínú igbó, wọ́n sì ń kó o lọ sí ọjà.

Kò sí àṣìṣe gírámà nínú gbólóhùn yìí. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ kò sọ òótọ́. Ohun tí a gbìn ni à ń kórè. Ẹni tí ó wọ inú igbó lọ wá egbò kò gbìn ín, kò ro ó, kò sì ní àròpọ̀ oko kankan pẹ̀lú rẹ̀. Bí a bá ní ó ‘kórè’, a ti sọ igbó di oko, a sì ti sọ fún òǹkàwé pé ohun tí ó mú lónìí yóò tún wà níbẹ̀ ní àmọ́dún. Nínú òwò egbò, ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń wọ́.

Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí kò ju ọ̀kan lọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí Yorùbá ń lò fún mímú nǹkan lára ewéko ń sọ ohun mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: ẹ̀yà ara ewéko tí a mú, ọ̀nà tí a gbà mú un, àti bóyá ewéko náà yóò yè lẹ́yìn rẹ̀ tàbí yóò kú. Bí atúmọ̀-èdè bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo rọ́pò gbogbo wọn, ohun kẹta yìí ni yóò kọ́kọ́ sọnù. A ó fi ìtàn òwò ewéko mẹ́ta ṣe ẹ̀rí: jínsẹ́ńgì ti àwọn òkè Amẹ́ríkà, asofẹ́yẹjẹ ti ilẹ̀ wa, àti igi kan tí ó ń hù lórí àwọn òkè Kamẹrúùnù.

2.0 Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe náà

Ẹni tí ó ń gbé ní Yábàá, Sùúrùlérè tàbí Muṣin lè rò pé ọ̀rọ̀ igbó jìnnà sí òun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí-Àràbà, níbi tí Ilé-Ìwòsàn Ńlá ti Yunifásítì Èkó wà, gba orúkọ lára igi àràbà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu kan tí ó gbajúmọ̀ sì sọ pé igi iṣin tí ó pọ̀ níbẹ̀ látijọ́, àti àwọn tí ó ń wá mú èso rẹ̀, ni Muṣin fi ń jẹ́ Muṣin. Igi pọ̀ níbẹ̀ rí; ilé àti ọ̀nà ni ó pọ̀ níbẹ̀ nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n ohun tí igbó ń mú jáde ṣì ń wọ àdúgbò náà lójoojúmọ́. Ní ọjà Ojúwòyè ní Muṣin, àwọn ẹlẹ́wé-ọmọ ń ta ewé tútù, àwọn lékulẹ́ja sì ń ta egbò, èèpo àti èso gbígbẹ. Láti ọ̀nà jíjìn ni ọ̀pọ̀ nínú ọjà wọn ti ń wá: ahúgbò mú un nínú igbó, alájàpá rà á lọ́wọ́ rẹ̀, alárobọ̀ gbà á lọ́wọ́ alájàpá, kí ó tó dé orí àtẹ.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí à ń lò fún iṣẹ́ ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn nìyí:

(2) (a) já ewé
(b) ká èso
(ch) ṣa èso
(d) bó èèpo
(e) wa iṣu, wa egbò
(ẹ) hú egbò

Ewé tí a bá já lára igi, igi lè tún rú òmíràn. Èso tí a bá ká kúrò lórí igi, igi kò padà ní ohun tí ó ju ìyẹn lọ; ṣùgbọ́n bí a bá ká gbogbo rẹ̀ tán, kò ní sí hóró tí yóò bọ́ sílẹ̀ hù. Èso tí a bá ṣà nílẹ̀, igi ti yọ̀ǹda rẹ̀ kí ọwọ́ wa tó kàn án. Báyìí ni a ṣe ń ṣa orógbó nígbà tí ó bá gbó tí ó sì já bọ́. Iṣin fúnra rẹ̀ kọ́ wa ní ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Iṣin tí kò tíì la ẹnu rẹ̀ lórí igi ní májèlé nínú, ẹni tí ó bá sì ká a ní àìgbó tí ó jẹ ẹ́ lè kú. Igi yìí ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dé Jàmáíkà ní ọdún 1778, ó sì di oúnjẹ pàtàkì níbẹ̀. Orúkọ ọ̀gákọ̀ William Bligh, ẹni tí ó kó o dé ọgbà ewéko Kew ní ọdún 1793, ni àwọn onímọ̀ ewéko fi pe ìran rẹ̀, Blighia. Gbogbo ìrìn-àjò yìí kò yí ìmọ̀ àkọ́kọ́ padà, pé a kì í ká iṣin kí ó tó là.

Bíbó èèpo léwu ju jíjá ewé lọ. Abẹ́ èèpo ni oúnjẹ tí ewé ṣe ń gbà sọ̀kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò. Bí a bá bó apá kan, igi lè fi èèpo tuntun bo ojú ọgbẹ́ náà. Bí a bá bó o yí ká, oúnjẹ kò lè dé gbòǹgbò mọ́, igi náà yóò sì kú lórí ìdúró.

Ìyàtọ̀ kan wà láàárín wà àti hú tí ó yẹ kí a kíyè sí. Wíwà jẹ́ títú ilẹ̀ láti mú ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Àgbẹ̀ lè wa iṣu àkọ́kọ́, kí ó fi orí rẹ̀ sílẹ̀ nínú ebè, kí ó tún ta. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá hú, a yọ ọ́ tìdítìdí ni. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé a hú èpò, a hú igi. Bí a bá sọ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí ó ń retí pé wọn yóò tún wà níbẹ̀.

Bákan náà ni a gbọ́dọ̀ ya gbòǹgbò sọ́tọ̀ kúrò lára egbò. Nínú iṣẹ́ yìí, gbòǹgbò ni a ó máa pe ẹ̀yà ara ewéko tí ó wà nínú ilẹ̀, tí ó di ewéko mú tí ó sì ń fa omi fún un. Egbò ni a ó máa pè é nígbà tí ó bá ti kúrò nínú ilẹ̀, tí ó di ohun oògùn àti ohun ọjà. Ìlò ọjà fara mọ́ èyí, nítorí egbò ni lékulẹ́ja ń pe tirẹ̀. Bí gbòǹgbò bá ti di egbò, ẹnìkan ti hú nǹkan.

3.0 Jínsẹ́ńgì: egbò tí ó ní ọjọ́ orí

Jínsẹ́ńgì jẹ́ ewéko kékeré tí ó ń gbé lábẹ́ òjìji àwọn igi ńlá. Ó ń hù nínú igbó orí òkè ní Ṣáínà àti Kòríà, àti ní apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ti Àríwá. Àwọn ará Ṣáínà fi ènìyàn sínú orúkọ rẹ̀, nítorí pé egbò rẹ̀ máa ń yọ apá àti ẹsẹ̀ bí ènìyàn. Panax ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fún ìran rẹ̀. Láti inú èdè Gíríìkì ni ó ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ohun tí àwa ń pè ní gbogboǹṣe.

Ní ọdún 1711, Pierre Jartoux, àlùfáà Jesuit kan tí ó wà ní Ṣáínà, kọ lẹ́tà nípa egbò yìí àti ibi tí ó ti ń hù, ó sì sọ pé ó ṣeé ṣe kí ó wà ní Kánádà, nítorí pé igbó àti òkè ibẹ̀ jọ ti ibi tí òun wà. Joseph-François Lafitau ka lẹ́tà náà, ó wá a, ó sì rí i nítòsí Montreal ní ọdún 1716. Obìnrin Mohawk kan tí ó fi hàn dá a mọ̀ ní ojú ẹsẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú oògùn wọn. Báyìí ni òwò ńlá ṣe bẹ̀rẹ̀ láàárín igbó Kánádà àti ọjà Canton ní Ṣáínà. Nígbà tí ó fi di àárín ọ̀rúndún kejìdínlógún, owó rẹ̀ ti fò sókè. Àwọn ènìyàn ń hú u kí ó tó gbó, wọ́n sì ń fi iná gbẹ ẹ́ ní kánkán dípò kí wọ́n sá a. Àwọn oníbàárà ní Canton kọ ọjà náà, òwò Kánádà sì wó lulẹ̀.

Òwò náà ṣí lọ sí ìsàlẹ̀, sí àwọn òkè Appalachia. Nígbà tí ọkọ̀ òkun Empress of China ṣí kúrò ní New York ní ọdún 1784, tí ó jẹ́ ọkọ̀ òwò àkọ́kọ́ tí Amẹ́ríkà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira rán lọ sí Ṣáínà, egbò jínsẹ́ńgì tí ó tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 30 ni ó wà nínú ẹrù rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ìdílé orí òkè wọ̀nyí ti ń fi jínsẹ́ńgì híhú kún iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ọdẹ. Fún ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́, egbò náà ni ó ń di iyọ̀, aṣọ àti owó-orí.

Jínsẹ́ńgì kì í tètè dàgbà. Ọdọọdún ni igi rẹ̀ ń kú, tí òmíràn ń rú. Igi ọdún kọ̀ọ̀kan sì ń fi àpá kan sílẹ̀ ní ọrùn egbò. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà lè ka àpá wọ̀nyí kí ó mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ní ọdún 1975 ni àdéhùn àgbáyé tí ó ń bójú tó òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, èyí tí a mọ̀ sí CITES, fi jínsẹ́ńgì Amẹ́ríkà sí ìwé kejì rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó lè kó o jáde láìgba ìwé àṣẹ. Láti ọdún 1999, ìjọba Amẹ́ríkà kò gbà kí a kó egbò inú igbó tí kò tíì pé ọdún 5 jáde. Òfin ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sọ pé ìgbà tí èso rẹ̀ bá ti pọ́n ni a lè hú u, kí ẹni tí ó hú u sì ri hóró rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ibi tí ó ti hú u.

Kí ni èyí kọ́ atúmọ̀-èdè? Ó kọ́ ọ pé òfin gan-an mọ oríṣi híhú méjì: híhú lásán, àti híhú tí a fi nǹkan rọ́pò. Bí a bá fi kórè túmọ̀ méjèèjì, ẹni tí ó rú òfin àti ẹni tí ó pa á mọ́ yóò di ọ̀kan náà lójú òǹkàwé Yorùbá.

4.0 Asofẹ́yẹjẹ: láti Índíà dé ilẹ̀ wa

Èyí tí ó sún mọ́ jínsẹ́ńgì jù lọ ní ilẹ̀ wa, ní ti pé egbò alágbára ni, tí a kì í sábà gbìn, tí ọjà àgbáyé sì wá a dé inú igbó, ni asofẹ́yẹjẹ. Igi kékeré ni. Ó máa ń hù ní etí igbó àti ní oko tí a ti fi sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ rọrùn láti túpalẹ̀: a-so-fún-ẹyẹ-jẹ, ohun tí ó so kí ẹyẹ lè jẹ. Ẹ kíyè sí i pé orúkọ yìí kò sọ̀rọ̀ egbò, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ̀rọ̀ oògùn. Ohun tí ó sọ ni ẹni tí ó ń gbìn ín: ẹyẹ ni ó ń jẹ èso pupa rẹ̀, ẹyẹ náà ni ó sì ń gbé hóró rẹ̀ kiri.

Orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ ewéko ni Rauvolfia vomitoria. Apá kìn-ín-ní jẹ́ ti Leonhard Rauwolf, oníṣègùn ará Jámánì ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Charles Plumier ni ó fi orúkọ rẹ̀ pe ìran náà ní ọdún 1703. Apá kejì, tí ó ń tọ́ka sí èébì, ni Adam Afzelius, ọmọ ilẹ̀ Swídìn tí ó ti ṣe iṣẹ́ ní Sàró, fi kún un ní ọdún 1817. Orúkọ Látìn rántí dókítà, ó sì rántí èébì. Orúkọ Yorùbá rántí ẹyẹ. Kò sí ìkankan nínú wọn tí ó rántí ẹni tí ó ń hú u.

Ó pẹ́ tí àwọn oníṣègùn Yorùbá ti ń lo egbò asofẹ́yẹjẹ fún ìtọ́jú wèrè, láti mú kí ara aláìsàn rọ̀ kí ó sì lè sùn. Ní Yábàá, ìjọba amúnisìn ṣí ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní ọdún 1907, ibi tí ó ti di ilé-ìwòsàn ńlá ti Ìjọba Àpapọ̀ lónìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìsémọ́lé ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní fún aláìsàn. Ní ọdún 1954 ni Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àró, Abẹ́òkúta, tí ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tí ó ṣe ìwádìí láàárín àwọn oníṣègùn Yorùbá, tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1960 lórí bí wọ́n ṣe ń fi Rauvolfia tọ́jú wèrè.

Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ìbátan asofẹ́yẹjẹ kan ní Índíà, Rauvolfia serpentina, ti di olókìkí. Ní ọdún 1949, Rustom Jal Vakil kọ̀wé lórí bí ó ṣe ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Ní ọdún 1952, àwọn onímọ̀ ní ilé-iṣẹ́ Ciba ní Basel, Swítsáláńdì, yọ résápíìnì jáde láti inú egbò rẹ̀. Álíkálọ́ìdì ni, èyíinì ni ọ̀kan nínú àwọn èròjà kíkorò alágbára tí ewéko máa ń pèsè. Résápíìnì di oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti oògùn wèrè ní gbogbo àgbáyé. Bí wọ́n ti ń hú egbò yìí ní Índíà láìdáwọ́dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n, ìjọba ibẹ̀ sì dí ọ̀nà kíkó o jáde. Àwọn oníbàárà yíjú sí Áfíríkà, níbi tí asofẹ́yẹjẹ ti wà. Kóńgò jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ibi tí wọ́n ti ń rà á. Ní ọdún 1956, Robert Woodward fi hàn pé a lè ṣe résápíìnì nínú ilé ìwádìí láìlo egbò rárá. Síbẹ̀ ọjà egbò kò kú. Ti Índíà wọ ìwé kejì CITES ní ọdún 1990. Asofẹ́yẹjẹ kò sí nínú ìwé náà.

Ohun méjì wà níbí tí ọ̀rọ̀-ìṣe lè là tàbí kí ó bò mọ́lẹ̀. Èkíní ni pé inú èèpo egbò ni agbára asofẹ́yẹjẹ pọ̀ sí jù lọ. Òǹkọ̀wé tí ó bá wí pé ‘wọ́n ń bó èèpo asofẹ́yẹjẹ’ yóò mú kí a rò pé ara igi tí ó dúró ni wọ́n ti bó o, tí igi náà sì lè yè. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé wọ́n kọ́kọ́ hú u, kí wọ́n tó bó èèpo egbò rẹ̀. Èkejì ni ọ̀rọ̀ ẹ̀mí aláìsàn. Résápíìnì máa ń mú ìfúnpá wálẹ̀ jù bí kò bá sí ìwọ̀n, ó sì lè kó ìbànújẹ́ ọkàn bá ẹni tí ó ń lò ó; ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi pa á tì púpọ̀ lónìí. Ewé, èèpo igi, egbò àti èèpo egbò kò ní agbára kan náà. Bí olùtúmọ̀ bá kọ ‘asofẹ́yẹjẹ’ lásán láìsọ ẹ̀yà ara tí a mú, ó ti fi ẹni tí yóò lo ìwé rẹ̀ sínú ewu. Àwọn àgbà wí pé oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé. Èyí tí ó jẹ́ jù náà, ó lè jẹ́ pé orúkọ ni kò pé.

5.0 Èèpo tí a bó ní ìlàjì

Àpẹẹrẹ kẹta yóò fi hàn pé ọ̀nà tí a gbà mú nǹkan ṣe pàtàkì bí ẹ̀yà ara tí a mú. Prunus africana jẹ́ igi ńlá tí ó ń hù lórí àwọn òkè gíga Áfíríkà. Lórí Òkè Kamẹrúùnù àti àwọn òkè Bamenda, àwọn ará ibẹ̀ ti ń fi èèpo rẹ̀ ṣe oògùn láti ayébáyé. Láti ẹ̀wádún 1970 ni a ti ń kó èèpo náà lọ sí Yúróòpù, Faransé ni pàtàkì, fún oògùn ìtọ̀ dídí àwọn àgbà ọkùnrin.

Ìlànà tí a fi lélẹ̀ fún àwọn abóèèpo ni pé kí wọ́n pín àyíká igi sí mẹ́rin, kí wọ́n bó ìdá méjì tí ó kọjú sí ara wọn, kí wọ́n sì fi ìdá méjì yòókù sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ti àkọ́kọ́ yóò fi san. Níbi tí a bá ti tẹ̀ lé ìlànà yìí, igi lè yè. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn kan bó igi yí ká, àwọn mìíràn sì gé e lulẹ̀ kí wọ́n lè bó o dé orí. Ìpàdé CITES ti ọdún 1994 fi igi náà sí ìwé kejì, àṣẹ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1995.

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni bíbó ìdá méjì àti bíbó yí ká. Nítorí náà, a nílò ọ̀rọ̀ tí yóò ya ìyè sọ́tọ̀ kúrò lára ikú, èyí tí a ó dábàá rẹ̀ ní ìpín 7.0.

6.0 Ìṣòro ‘ti igbó’

Ó kù kí a sọ ohun tí a ó pe ewéko tí kò sí ẹni tí ó gbìn ín. Ní ti ẹran, Yorùbá ti yanjú ọ̀rọ̀: ẹran ìgbẹ́ àti ẹran ọ̀sìn. Ọ̀pọ̀ atúmọ̀-èdè ń fi ‘ti igbó’ ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún ewéko, wọ́n sì ń kọ ‘jínsẹ́ńgì igbó’ tàbí ‘ewé igbó’. Ìdí mẹ́ta ni kò fi tẹ́ wa lọ́rùn.

Àkọ́kọ́, nínú èdè àwọn ọ̀dọ́ Muṣin àti Èkó lápapọ̀, igbó ti di orúkọ ewé kan tí òfin kò gbà kí ènìyàn mu. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka ‘òwò ewé igbó’ yóò rẹ́rìn-ín kí ó tó parí gbólóhùn náà. Èkejì, igbó jẹ́ orúkọ ibi, kì í ṣe orúkọ ọ̀nà tí nǹkan gbà hù. Asofẹ́yẹjẹ ń hù ní oko tí a fi sílẹ̀ àti ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀kẹta, àwọn ará òkè Appalachia kan ti ń gbin hóró jínsẹ́ńgì sínú igbó, tí wọ́n á fi í sílẹ̀ níbẹ̀ láìro, láìbu ajílẹ̀ sí i, kí egbò rẹ̀ lè jọ ti èyí tí ó hù fúnra rẹ̀, nítorí pé owó rẹ̀ pọ̀ jù ti inú oko lọ. ‘Jínsẹ́ńgì igbó’ kò lè ya èyí sọ́tọ̀.

Àwọn àgbẹ̀ wa máa ń sọ pé nǹkan la ilẹ̀ hù bí kò bá sí ẹni tí ó gbìn ín. Láti inú èyí ni a ti ṣẹ̀dá alalẹ̀hù.

7.0 Àbá èdè-ìperí

A dábàá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, pẹ̀lú oríkì ṣókí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan:

(3) alalẹ̀hù: ewéko tí ó hù láìsí ẹni tí ó gbìn ín, ibi yòówù kí ó ti hù.
(4) àgbìn: ewéko tí a gbìn tí a sì ń tọ́jú ní oko tàbí ní ọgbà.
(5) àgbìnsígbó: ewéko tí a gbìn sínú igbó, tí a fi sílẹ̀ kí ó dàgbà bí alalẹ̀hù.
(6) egbò: gbòǹgbò tí a ti yọ kúrò nínú ilẹ̀ fún oògùn tàbí fún títà.
(7) èèpo egbò: èèpo ara egbò, a kò gbọdọ̀ pè é ní èèpo lásán, kí a má baà ṣì í mú fún èèpo igi.
(8) ahúgbò, abóèèpo: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ híhú egbò tàbí bíbó èèpo nínú igbó.
(9) àmútán: mímú nǹkan lára ewéko lọ́nà tí ewéko náà yóò fi kú, bí i híhú egbò, tàbí bíbó èèpo yí ká.
(10) àmúṣẹ́kù: mímú nǹkan lára ewéko lọ́nà tí yóò fi yè, bí i jíjá ewé níwọ̀nba, tàbí bíbó ìdá méjì nínú mẹ́rin.
(11) àmúrọ́pò: mímú tí ó pa ewéko, ṣùgbọ́n tí a fi hóró tàbí ọmọ rẹ̀ rọ́pò ní ojú ibẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ló dé tí a kò fi àmútán, àmúṣẹ́kù àti àmúrọ́pò rọ́pò hú, bó àti ṣà? Ìdáhùn ni pé iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Hú, bó, já, ká àti ṣà ń sọ ohun tí ọwọ́ ṣe. Mẹ́ta ìgbẹ̀yìn yìí ń sọ ohun tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Onímọ̀ ewéko nílò méjèèjì. Bákan náà, kò sí ìdí tí a ó fi lé kórè kúrò nínú èdè. Kí ó dúró sí ilé rẹ̀, lọ́dọ̀ àgbìn.

8.0 Lílò rẹ̀ ní kíláàsì

Láti ìgbà tí Ètò Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 ni a ti ní ẹ̀rí pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ẹ̀kọ́ lórí ẹ̀yà ara ewéko wà lára ohun tí gbogbo olùkọ́ ń kọ́ni. A gba olùkọ́ ní ìmọ̀ràn pé kí ó má fi orúkọ nìkan kọ́ ọ. Kí ó kọ́ ewé pọ̀ mọ́ já, èso pọ̀ mọ́ ká àti ṣà, èèpo pọ̀ mọ́ bó, egbò pọ̀ mọ́ hú. Lẹ́yìn náà, kí ó bi àwọn ọmọ pé, ‘Lẹ́yìn tí a ti ṣe èyí tán, ṣé ewéko yìí yóò yè?’ Ìbéèrè kan yìí yóò ṣí ẹ̀kọ́ lórí iṣẹ́ ewé, iṣẹ́ èèpo àti iṣẹ́ gbòǹgbò sílẹ̀.

Iṣẹ́ àṣetiléwá fún àwọn tí ó ń kọ́ ìtumọ̀: ẹ tún gbólóhùn wọ̀nyí kọ, kí ọ̀rọ̀-ìṣe inú wọn lè sọ ẹ̀yà ara ewéko àti ìgbẹ̀yìn rẹ̀.

(12) Wọ́n kórè jínsẹ́ńgì lórí òkè.
(13) Wọ́n ń bó èèpo asofẹ́yẹjẹ fún títà.
(14) Òfin gbà kí a kórè èèpo igi náà.

Fún (12), a lè kọ: ‘Wọ́n hú egbò jínsẹ́ńgì alalẹ̀hù lórí òkè, wọ́n sì ri hóró rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀,’ bí àmúrọ́pò bá ni, bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí gbólóhùn dúró lórí ‘hú’. Fún (13): ‘Wọ́n ń hú asofẹ́yẹjẹ, wọ́n sì ń bó èèpo egbò rẹ̀ fún títà.’ Fún (14): ‘Òfin gba bíbó èèpo igi náà ní àmúṣẹ́kù nìkan.’ Àwọn gbólóhùn tuntun yìí gùn díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò burú. Ohun tí wọ́n fi kún un kì í ṣe ẹwà èdè, òtítọ́ ni.

9.0 Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn nínú iṣẹ́ yìí pé Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tó láti sọ ìtàn òwò egbò, èèpo àti èso inú igbó, àti pé àìlò wọn ni ó ń mú kí àwọn ìtumọ̀ wa ṣú. Jínsẹ́ńgì fi hàn pé híhú kí ó tó gbó lè pa òwò àti ewéko pọ̀. Asofẹ́yẹjẹ fi hàn pé bí a kò bá sọ ẹ̀yà ara tí a mú, ẹ̀mí ewéko àti ẹ̀mí aláìsàn wà nínú ewu. Igi orí òkè Kamẹrúùnù fi hàn pé ọ̀nà kan náà lè jẹ́ ti ìyè tàbí ti ikú, gẹ́gẹ́ bí a bá ṣe mọ ibi tí ó yẹ kí a ti dúró.

Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ni a dábàá. A rọ àwọn olùkọ́ àti àwọn atúmọ̀-èdè láti gbé wọn yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ wọn. A sì rọ wọ́n pé, kí wọ́n tó gba èyíkéyìí wọlé tàbí kí wọ́n tó kọ̀ ọ́, kí wọ́n lọ bá àwọn ẹlẹ́wé-ọmọ àti àwọn lékulẹ́ja ní ọjà tí ó sún mọ́ wọn, kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá egbò kọ̀ọ̀kan lọ. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí à ń wá kiri nínú ìwé wà lẹ́nu wọn, bí ewéko náà bá sì tán nínú igbó, ọ̀rọ̀ tí ó bá a rìn kì í pẹ́ tán lẹ́nu.